Ìṣó páànù, sukúrù onírọ́bà àti irin ìdè òrùlé tí wọ́n ń tà ní Kàbà: èwo ló lè dúró de ìjì?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn wa.

Ní agbègbè wa, ilẹ̀ Ọ̀kún ní ìpínlẹ̀ Kogí, òjò àkọ́rọ̀ kì í dá wá, ìjì ni í ṣíwájú rẹ̀. Láti Kàbà dé Ìyàrà, láti Mọ̀pà dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, bí ìjì bá ti ṣí òrùlé, ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé páànù wo ni onílé lò, ṣé èyí tó nípọn tó mílímítà 0.45 ni àbí 0.55. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í sábà sí níbẹ̀. Ẹ lọ wo páànù tí ìjì gbé jù sínú oko kàṣú: odindi ni ẹ óò bá a, ó kàn ti ká ni, ihò ìṣó rẹ̀ sì wà níbẹ̀ roboto. Nígbà mìíràn, tòun ti igi rẹ̀ ni ẹ óò bá a. Ohun tó de páànù mọ́ igi ló tú, tàbí ohun tó de igi mọ́ ògiri. Nítorí náà, ohun ìdè ni a fẹ́ yẹ̀ wò níbí: ìṣó, sukúrù, irin pẹlẹbẹ, wáyà, àti irin ìdè tí àwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye tí ìjì ń fà. Ìjì tó ń sáré kìlómítà 120 ní wákàtí kan lè fi agbára tó tó ìwọ̀n kílò 69 ti gbogbo ààyè tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Páànù alúmíníọ̀mù 0.45 tó bo irú ààyè bẹ́ẹ̀ kò wúwo tó kílò kan àtààbọ̀. Ti 0.55 kò tó kílò méjì. Kò sí páànù kankan nínú ọjà tí ìwúwo rẹ̀ nìkan lè mú un jókòó. Bí eré ìjì bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Kì í sì í ṣe títì nìkan ni ìjì ń ti òrùlé: bó ṣe ń gorí rẹ̀ kọjá, ó ń fà á sókè, etí òrùlé, téńté àti igun ló sì ń fà jù, ju àárín lọ.

Iye eré yẹn, kìlómítà 119 sókè, ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìjì ní hurricane. Tó bá dé 252, ó ti di ìpele karùn-ún tó ga jù. Hurricane kì í jà ní ilẹ̀ wa, orí òkun tó gbóná ló ti ń gba agbára, ó sì ń pẹ́ lọ́jọ́ púpọ̀. Ìjì tiwa ń bá ìlà òjò dúdú tó ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn rìn, kì í sì í pẹ́ kó tó kọjá. Àmọ́ ẹbí ni wọ́n o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn hurricane ńlá tó ń jà ní Karibéánì àti Amẹ́ríkà, rúkèrúdò ojú ọ̀run tó gba orí ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá bọ́ sórí òkun ló bí wọn.

Ìṣó páànù

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì rọjú jù. Kílò ni wọ́n fi ń tà á. Oríṣi méjì ló wà nínú ìsọ̀: èyí tí ara rẹ̀ dán, àti èyí tí wọ́n lọ́ lára bí okùn. Ẹ fi èyí tó dán sílẹ̀ fún ẹni tó ń kan ilé adìẹ. Ohun kan ṣoṣo tó di ìṣó dídán mú nínú igi ni bí igi ṣe fún un mọ́ra. Pákó tó ń jáde ní sómìlì sì sábà máa ń tutù nígbà tí wọ́n bá kàn án. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí ọyẹ́ fẹ́ sí i, igi á gbẹ, á súnkì, ìṣó á sì dẹ̀ nínú ihò rẹ̀.

Oòrùn náà ń ṣe tirẹ̀. Páànù ń nà lọ́sàn-án, ó ń súnkì lóru, alúmíníọ̀mù sì ń nà tó ìlọ́po méjì irin. Ojoojúmọ́ ló ń mi ìṣó síwá sẹ́yìn. Tó bá pẹ́, ẹ gorí òrùlé, ẹ óò rí i pé orí ìṣó ti yọ sókè díẹ̀, ẹ lè ti èékánná bọ abẹ́ rẹ̀. Ibi tí èékánná bá ti lè wọ̀, ìjì ti rí ibi fi ọwọ́ mú.

Ìṣó lílọ́ sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Orí gegele páànù ni kí ẹ ti kàn án, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà. Ẹ ra oní-ínṣì mẹ́ta, kì í ṣe méjì àtààbọ̀, nítorí gíga gegele ti jẹ bí ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì kan kí ìṣó tó fẹnu kan igi. Bí pọ́lìnì yín, igi tí páànù jókòó lé, bá jẹ́ ínṣì 2 sí 2 (èyí tí sómìlì pè ní 2 kì í sì í pé 2), ẹnu ìṣó oní-ínṣì mẹ́ta lè yọ nísàlẹ̀ bí ìdajì ínṣì. Ẹ má ṣe gé e. Kí ọmọ iṣẹ́ kan wà lábẹ́ kó máa fi hámà ká a mọ́ ara igi. Ìṣó tí wọ́n ká lẹ́nu báyìí kò rọrùn fún ìjì láti fà yọ, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀ kan.

Ohun tó ń ba ìṣó jẹ́ jù lọ́wọ́ káfíńtà ni lílù àlùjù. Tó bá ti lù ú títí gegele fi yìn, omi á máa dúró síbẹ̀, páànù á sì ti fẹ́ ya ní abẹ́ orí ìṣó. Ẹ tún yẹra fún ìṣó irin lásán tí wọn kò bọ síńkì lórí páànù alúmíníọ̀mù: tó bá dípẹtà, ó máa jẹ ihò páànù náà gbòòrò.

Ìdájọ́ wa: ìṣó dídán, 1 nínú 5. Ìṣó lílọ́, 3 nínú 5, tí wọ́n bá ká a lẹ́nu.

Sukúrù onírọ́bà

Orí onígun mẹ́fà, wáṣà irin, rọ́bà dúdú lábẹ́ rẹ̀. Ẹyọ sukúrù kan wọ́n ju ẹyọ ìṣó lọ gan-an, a kò ní parọ́, ṣùgbọ́n òun ni a óò ra. Eyín ara rẹ̀ ń jẹ igi, nítorí náà kò ní yọ bí páànù ṣe ń nà tó ń súnkì, àfi kí igi fúnra rẹ̀ ya.

Ibi tí wọ́n ti ń ta ìtàkúta fún àwọn èèyàn nìyí: oríṣi méjì ni sukúrù yìí, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló sì dà wọ́n pọ̀ sínú àpótí kan. Ti igi ní ẹnu ṣóńṣó tó ní gígé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, eyín rẹ̀ jìnnà síra. Ti irin ní ẹnu pẹrẹsẹ bí ẹnu dírìlì, eyín rẹ̀ sún mọ́ra. Bí ẹ bá fi ti irin sínú igi, ẹnu dírìlì yẹn á ti gbẹ́ ihò tó fẹ̀ kí eyín tó débẹ̀, ìmú rẹ̀ kò sì ní lágbára. Lójú, wọ́n jọra wọn. Ẹ tú paali, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ wo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ yẹ rọ́bà náà wò. Ojúlówó rọ̀, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́, á wọlé, á sì padà. Ayédèrú ń dán bí ike, ó le. Ẹ fi ọ̀bẹ yọ ọ̀kan, ẹ ṣẹ́ ẹ po: tí ìlà funfun bá yọ níbi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ, ike ni, oòrùn Kàbà kò ní jẹ́ kó pẹ́ tó fi máa sán. Bí rọ́bà bá sán, omi á gba ihò sukúrù wọ inú igi, igi á jẹrà níbẹ̀ gan-an, sukúrù tí ẹ fowó iyebíye rà á sì dúró nínú ìyẹ̀fun.

Nípa gígùn, ó kéré tán kí ínṣì kan àti ìdámẹ́rin wọ inú igi. Lórí gegele, oní-ínṣì méjì àtààbọ̀ ni. Yàtọ̀ sí ìṣó, ẹ lè fi sukúrù sí ibi pẹrẹsẹ páànù, nítorí rọ́bà ń dí ihò rẹ̀. Níbẹ̀, páànù jókòó sórí igi tààrà, kò ní máa jó, sukúrù oní-ínṣì kan àtààbọ̀ sí méjì á sì tó. Àwọn kan kò fẹ́ rí ihò kankan ní ọ̀nà omi. Kí wọ́n fi sí gegele, kò sí ìjà ńbẹ̀.

Dídè é ni iṣẹ́. Dírìlì oníbátírì àti sókẹ́ẹ̀tì tó bá orí rẹ̀ mu, èyí tó sábà jẹ́ mílímítà 8. Ẹ dè é títí rọ́bà yóò fi hàn bíńtín ní etí wáṣà, kí ẹ dúró. Tó bá ti yọ jáde bí ètè, ẹ ti dè é jù, á sán kíákíá. Tí wáṣà bá ṣì ń yí lábẹ́ ìka, kò tíì tó. Ohun tó burú jù tí àwọn káfíńtà kan ń ṣe, kí iṣẹ́ lè yá, ni kí wọ́n fi hámà gbá sukúrù wọlé dé ìdajì kí wọ́n tó fi dírìlì parí rẹ̀. Ó ti fọ́ inú igi tí eyín yẹ kó jẹ nìyẹn. Láti ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ dúró tì wọ́n, kí ẹ sì fetí sílẹ̀: ariwo hámà kò sí nínú iṣẹ́ sukúrù.

Bí ẹ ṣe máa tò ó: ní etí òrùlé, ní téńté àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gbogbo gegele ni kó ní tirẹ̀, títí dé bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sínú. Ní àárín, ẹ lè fo ọ̀kan, ẹ kan ọ̀kan. Káfíńtà tó ń tò ó bákan náà jákèjádò òrùlé ń fi sukúrù ṣòfò ní àárín, ó ń fi etí sílẹ̀ fún ìjì.

4 nínú 5. Rọ́bà ayédèrú tó kún ọjà ló gba 1 tó kù.

Irin ìdè tó ń ti Amẹ́ríkà wá

Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká, tí wọ́n bọ síńkì, tí wọ́n sì lu ihò ṣóṣòòṣó sí lára. Òun ló ń de ráfítà, igi ìdàgẹ̀rẹ̀ tó gbé pọ́lìnì, mọ́ igi orí ògiri, èyí tí káfíńtà ń pè ní wọ́ọ̀lù-pléètì. Nígbà tí hurricane Andrew jà ní gúúsù Florida ní oṣù Ògún ọdún 1992, àwọn tó yẹ àwókù ilé wò rí i pé ọ̀pọ̀ òrùlé tó lọ, ìdè tí kò péye ló fà á. Wọ́n mú òfin ilé kíkọ́ le sí i. Láti ọdún 2002 ni òfin kan náà ti ń ṣiṣẹ́ jákèjádò ìpínlẹ̀ Florida. Irin ìdè yìí wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ kọ́lékọ́lé níbẹ̀.

Ohun tí káfíńtà wa ń ṣe láìsí irin ìdè ni pé á fi ìṣó méjì tàbí mẹ́ta gún ráfítà ní ìdàgẹ̀rẹ̀ wọ wọ́ọ̀lù-pléètì. Bí ìjì bá gbé e, ìṣó ìdàgẹ̀rẹ̀ á la ẹnu ráfítà, á sì yọ. Irin ìdè yí eré náà padà: ìṣó tó wà lára rẹ̀ dúró ní ìbú, kò lè fà yọ ní òòró, àfi kó gé. Ìṣó tó nípọn kì í sì í gé bọ̀rọ̀.

Ó ní àléébù kan tí a kò gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń fi í ránṣẹ́. Igi tí Amẹ́ríkà ń pè ní 2 sí 4, ínṣì kan àtààbọ̀ sí mẹ́ta àtààbọ̀ ni ní tòótọ́. Irin ìdè tó ní àpò, tó ń gba ráfítà sínú, igi yẹn ni wọ́n dá a fún. Igi tiwa tó ti sómìlì wá láìfá nípọn ju ìyẹn lọ, kò ní wọlé. A ti mọ káfíńtà tó ń fi àáké rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ráfítà kí irin lè wọ̀ ọ́, ó sì ń sọ ibi tó yẹ kó lágbára jù di ibi tó kéré jù. Bí ẹ bá ń pe ọmọ tàbí àbúrò yín ní Houston, ẹ sọ fún un pé èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ni kó rà, kì í ṣe alápò.

Gbogbo ihò ara rẹ̀ ni kí ẹ kan ìṣó sí, ìṣó kúkúrú oní-ínṣì kan àtààbọ̀ tó nípọn. Ìṣó páànù kọ́. Irin ìdè tí wọ́n kan ìṣó méjì péré sí kò ju ọ̀ṣọ́ lọ.

Kò sì pọn dandan kó ti òkè òkun wá. Wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ lè gé irin síńkì mílímítà kan sí ọ̀nà ínṣì kan àti ìdámẹ́rin ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méjì àtààbọ̀ ní gígùn, kó lu ihò márùn-ún sí orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e gba òkè ráfítà kọjá, kó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ kàn án mọ́ wọ́ọ̀lù-pléètì. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, owó rẹ̀ sì kéré sí ti èyí tó wọkọ̀ òfuurufú.

5 nínú 5 bí ihò bá kún. Bí kò bá kún, 2.

Irin pẹlẹbẹ àti wáyà, láti igi dé ògiri

Ẹni tó de páànù mọ́ igi, tó de ráfítà mọ́ wọ́ọ̀lù-pléètì, tó wá gbé wọ́ọ̀lù-pléètì jókòó lásán sórí búlọ́ọ̀kù, ó ti bá ìjì di ẹrù tán, gbígbé ló kù. Gbogbo òrùlé á lọ lódindi.

Hoop iron, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká jọ bíi téèpù, ni àwọn bíríkìlà ń lò. Ọjà tó dára ni, kò wọ́n, ó wà ní Kàbà àti Ìsánlú. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń fi í sí abẹ́ búlọ́ọ̀kù tó gbẹ̀yìn nìkan. Lẹ́yìn ìjì, ẹ óò rí ráfítà nílẹ̀ tí búlọ́ọ̀kù kan ṣì rọ̀ mọ́ ọn. Ó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ tó búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, ìyẹn ínṣì 27, kí wọ́n ká ẹnu rẹ̀ bí ìwọ̀, kí wọ́n sì fi kankéré kún ihò búlọ́ọ̀kù náà. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sáàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé, tó sì lè da líńtẹ̀lì yí gbogbo ilé po, kó yọ irin mílímítà 10 jáde láti inú líńtẹ̀lì náà, kó ká a borí wọ́ọ̀lù-pléètì. Ìyẹn ló dára jù.

Wáyà ìdìrin, 1 nínú 5. Ó tín-ín-rín, ó ń nà, ó sì ń dípẹtà nínú ògiri níbi tí ojú kò tó.

Ilé alámọ̀ ńkọ́? Wọ́n ṣì pọ̀ ní àwọn abúlé Bùnú àti Yàgbà, kò sì sí kankéré tí ẹ lè rì irin sí. Ẹ lu ihò já ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sísàlẹ̀ òkè rẹ̀. Ẹ ti ọ̀pá irin kúkúrú gba ibẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yọ síta, ẹ fi pákó líle há abẹ́ rẹ̀ kó má baà gé amọ̀, kí ẹ wá fi irin pẹlẹbẹ so orí ọ̀pá náà mọ́ wọ́ọ̀lù-pléètì nínú àti lóde. Ìwúwo ògiri lókè ọ̀pá náà ni yóò máa di òrùlé mú. Ẹ rẹ́ ihò náà padà dáadáa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ikán kò ní pẹ́ rí i.

Àpò yanrìn, òkúta, táyà ògbólógbòó

Òfo nínú 5. Ẹ rántí kílò 69 lórí mítà kan: òkúta mélòó ni ẹ fẹ́ tò? Òkúta tó bá já bọ́ nínú ìjì lè pa èèyàn. Àpò yanrìn ń gba omi dúró, ó ń jẹ páànù lábẹ́. Táyà ń kó ẹ̀fọn.

Àwọn tó ń tà á

A kò ní dárúkọ ìsọ̀ kankan. Ní Kàbà, àwọn ìsọ̀ ńlá tó ń ta gbogbo ohun èlò ilé ló ní sukúrù déédéé, wọ́n sì sábà máa ń jẹ́ kí èèyàn tú paali wò. Àwọn ìsọ̀ kéékèèké ní àwọn ìlú tó kù, ìṣó dídán ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn, nítorí òun ni káfíńtà ń béèrè. Bí ẹ bá ń ra páànù níbẹ̀ náà, ẹ mú géèjì tó ń wọn ìnípọn lọ́wọ́, kí ẹ wọn etí páànù, nítorí 0.45 tí wọ́n pè ní 0.55 kì í ṣe ohun tuntun, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ń fi díẹ̀ kún un. Onísọ̀ tí ojú rẹ̀ bá yí padà nígbà tí ẹ yọ géèjì, ẹ ti mọ èyí tó kù.

Ní ti pákó, arère rọ̀ jù, kì í di ìṣó mú. Ẹ má ṣe fi ṣe pọ́lìnì bí ẹni tó ń ta pákó tilẹ̀ búra. Igi àpá di ìdè mú gan-an, ṣùgbọ́n ó le, ẹ ní láti kọ́kọ́ fi dírìlì la ọ̀nà tín-ín-rín fún ìṣó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á la. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ fi oògùn ikán kùn ún yíká, pàápàá ẹnu tí wọ́n gé. Igi tí ikán ti jẹ, kò sí sukúrù tó ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Bí owó yín kò bá tó fún páànù tó nípọn àti ohun ìdè tó dára pa pọ̀, èyí ni èrò wa: ẹ ra páànù 0.45, kí ẹ fi ìyókù owó ra sukúrù àti irin ìdè. Òrùlé yẹn á dúró níbi tí 0.55 oníṣó dídán yóò ti lọ.

Iṣẹ́ káfíńtà

Ọ̀pọ̀ káfíńtà ń gba kọńtíráàtì lódindi, ìyára ló sì ń mú èrè wá fún wọn. Nítorí náà, ohun ìdè ni kí onílé fúnra rẹ̀ rà, kó kà á fún wọn, kó sì ka èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́. Bí sukúrù tó ṣẹ́kù bá pọ̀ jù, etí òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò.

Fún ilé tó jẹ́ mítà 10 sí 8, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjì tí kò ga jù, gbogbo òrùlé á tó bí ààyè 108 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Sukúrù 900, kí ẹ fi 50 kún un fún èyí tó máa bàjẹ́. Bí ráfítà bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta síra, irin ìdè 24 àti ìṣó kúkúrú 300. Hoop iron, ìdè 40 yí ilé ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan mítà kan lé díẹ̀. Ẹ ra mítà 50.

Nǹkan méjì tún wà tí ẹ lè bá káfíńtà sọ kó tó gé igi. Kí etí òrùlé má ṣe yọ ju ínṣì 18 lọ, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni ìjì ń ti gbé e. Kí òrùlé fàráńdà sì dá dúró, kó má jẹ́ ara òrùlé ilé: bí ìjì bá gba fàráńdà, kó má fà ìyókù lọ. Òrùlé ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ń kojú ìjì dáadáa ju ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì lọ, ó kàn ń jẹ igi àti páànù sí i ni.

Lọ́jọ́ tí ìjì bá ń bọ̀

Àwọn tó wà níbi tí hurricane ti ń jà ń gbọ́ ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ ní wákàtí 48 ṣáájú, èyí tó le jù ní wákàtí 36. Wọ́n ń ráyè kan pákó mọ́ fèrèsé. NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, náà ń kéde ìjì fún wa, ó dára kí ẹ máa tẹ́tí sí i, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òkùnkùn bá ti ṣú ní ìlà-oòrùn, tí atẹ́gùn tútù oníyẹ̀pẹ̀ sì fẹ́ dé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Kò sí àyè láti gòkè lọ kan ìṣó. Ẹ pa gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé dé, ti apá ìlà-oòrùn ṣáájú. Àwọn kan gbà pé kí èèyàn ṣí fèrèsé kí ìjì lè gbabẹ̀ kọjá. Irọ́ ni. Ìjì tó bá wọlé á máa ti òrùlé láti ìsàlẹ̀ nígbà tí ti òde ń fà á lókè, agbára méjèèjì á pa pọ̀. Ẹ pa iná, ẹ kó àga ike àti korobá wọlé, ẹ kúrò ní pálọ̀ tó fẹ̀, ẹ lọ sí yàrá kékeré àárín ilé tí kò ní fèrèsé ńlá. Ẹ má ṣe dúró lábẹ́ máńgòrò, ẹ má sì ṣe di páànù tó ń jó mú.

Lẹ́yìn ìjì àkọ́kọ́ nínú ọdún, tí ilẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ wọ òkè àjà lọ́sàn-án gangan láìtan iná. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ bí ojú abẹ́rẹ́, ìdè ibẹ̀ ti mì. Ẹ wo irin ìdè kọ̀ọ̀kan, ṣé ó ṣì lẹ̀ mọ́ igi, ṣé orí ìṣó kankan ti yọ. Lókè òrùlé, ẹ fi ọwọ́ dán sukúrù etí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń yí lásán, ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù dí i. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi èyí tó sanra jù ú lọ ní ìwọ̀n kan rọ́pò rẹ̀ nínú ihò náà.